Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ kì í pọ̀ sí i mọ́ tí a bá fi nocodazole sí i, síbẹ̀ tí kò kú?

Ìpínyà ni oògùn náà dí, kò tíì pa sẹ́ẹ̀lì. Microtubule ni okùn tín-ín-tín tó ń fa chromosome (ohun tó gbé àbùdá ìran nínú sẹ́ẹ̀lì) lọ sí ìhà méjì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín. Nocodazole àti colchicine kì í jẹ́ kí okùn yìí so pọ̀. Paclitaxel ní tirẹ̀ ń mú un le débi tí kò fi lè tú. Ibì kan náà ni wọ́n já sí: sẹ́ẹ̀lì á dúró láàárín ìpínyà. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí i roboto, tó ń dán, tí kò lẹ̀ mọ́ abọ́ dáadáa mọ́.

Fún HeLa (irú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan tí a ń tọ́jú nínú abọ́), 100 ng (nánógráàmù) nocodazole nínú mílílítà kan fún wákàtí 12 sí 16 máa ń tó. Ẹ fi iye DMSO (omi tí a fi yọ́ oògùn) kan náà sí abọ́ tí kò gba oògùn. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tún máa pín, ẹ gbá abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn roboto já, kí ẹ fi medium (omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì) tuntun ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Nocodazole á kúrò. Colchicine kì í tètè kúrò, torí ó dì mọ́ tubulin (purotéènì tí microtubule ti ń di okùn) pinpin.

Tó bá pẹ́ jù, àwọn kan á kú, àwọn mìíràn á yọ́ jáde láìpín, pẹ̀lú chromosome ìlọ́po méjì. MTT (ìdánwò àwọ̀ tí a fi ń mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì wà láàyè) nìkan sì lè tàn yín jẹ gan-an: sẹ́ẹ̀lì tó dúró láìpín ṣì ń yí àwọ̀ MTT padà. Ẹ ka iye sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀.