Ta ló ní ìyà ló ń pa ìyàwó lẹ́kún?

Ẹnì kan bi mí léèrè, ó ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìdí tí ìyàwó àtijọ́ fi ń sun ẹkún ìyàwó, ewì tí ọmọbìnrin fi ń dágbére fún àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, ni pé wọ́n fi tipátipá fún ọkọ tí kò fẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Rárá o! Irú àlàyé yìí ti sú mi.

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Sísun là ń sun ẹkún. Kí la ń ṣe sí rárà? Sísun náà ni. Ọdẹ ń sun ìjálá nídìí agbè ẹmu, ta ló kú fún un? Onírárà tó ń ki ọba lójú agbo, ìyà wo ló ń jẹ ẹ́? "Sun" yẹn, iṣẹ́ ohùn ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn Ọ̀yọ́ kan fi ń pè é ní rárà ìyàwó. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé, ọmọ á máa tẹ̀lé àwọn tó mọ̀ ọ́n sun, á há oríkì ilé bàbá àti ti ìyá rẹ̀ sórí.

Ìyá àgbà mi, ọmọ Ìsẹ́yìn, sun tirẹ̀ fún mi nígbà tó ti darúgbó. Ẹ̀gúsí ló ń bó lọ́wọ́. "Bàbá mi, mo wá gbàre tèmi." Mo bi í bóyá ó sunkún lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní omi bọ́ lójú òun nígbà tó kan ìyá òun, àmọ́ òun ò jẹ́ kó ba ohùn òun jẹ́. Ẹ gbọ́: gbàre, gba ire! Ire ló lọ gbà, láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ìyá, dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ọjọ́ náà ni gbogbo agbo ilé ń dákẹ́ kí ọmọbìnrin lè sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ fẹnu lásán sọ fún bàbá rẹ̀, ó rí orin gbé e lé.

Èyí tí kò bá sì fẹ́ ọkọ náà, á fi ìyẹn náà sí i.



Lónìí, alága ìjókòó ń sọ, alága ìdúró ń fèsì, DJ gba ìyókù. Ìyàwó nìkan ni kò lóhùn níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀. Mo kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní ìlà méjì péré, mo ní kó sun ún kó tó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àtíkè ojú mi á bàjẹ́."