Òrí tó ṣe kókó bíi gàrí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ọyẹ́ ti mú wa l'Ábújá níbí, ara àwọn ọmọ mi funfun bíi ẹni tó yí nínú eérú, ni mo bá ra òrí lọ́wọ́ ìyá Núpé kan lọ́jà Kubwa, mo yọ́ ọ lórí gáàsì, mo da àdí àgbọn sí i, mo tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i kó lè máa ta sánsán. Ilẹ̀ mọ́, ó ti ṣe kókó bíi gàrí, kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan dúdú fi hù lójú ẹ̀. Kúnú aya, omi ọ̀fìo, tí mo ń ṣe fún wọn náà, ilẹ̀ kì í ṣú kó tó kan. Kí ni mo ń ṣe tí ò dáa? – Ìyá Ìbejì, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ da eléyìí tó ti hu nǹkan nù, ẹ má há a kúrò lójú kẹ́ ẹ wá lo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Omi ọsàn yẹn ló bà á jẹ́. Òrí àti àdí àgbọn ò lómi nínú, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ tí omi bá ti kán sí i pẹ́nrẹ́n, kódà kó jẹ́ ṣíbí tútù tàbí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tún nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa ọmọ lára kó wá jáde sóòrùn! Mo rí i lọ́rùn ọmọ àbúrò mi ní Kàdúná, ibi tí ìka ìyá ẹ̀ gbà gan-an ló lé ròrò tó wá dúdú, ó ju oṣù kan lọ kó tó parẹ́.

Ti kókó yẹn ò le. Àwọn ọ̀rá inú òrí kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó rọra tutù fúnra ẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ dì á kóra jọ. Ẹ gbé abọ́ òrí tuntun sínú ìkòkò omi gbígbóná, kò nílò iná gáàsì, ṣebí àtẹ́lẹwọ́ lásán ń yọ́ òrí. Ṣíbí mẹ́ta òrí, ọ̀kan àdí àgbọn, tó bá ti yọ́ kẹ́ ẹ gbé e sórí omi yìnyín, kẹ́ ẹ máa rò ó láì dáwọ́ dúró títí á fi funfun tí á nipọn bíi ẹ̀kọ gbígbóná. Ìgò tó gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí. Ẹ fi í pa wọ́n kété tí wọ́n bá wẹ̀ tán, kí omi ara wọn tó gbẹ tán, torí òrí ò ní omi tó máa fún ara, èyí tó bá níbẹ̀ ló máa dè mọ́lẹ̀.

Kúnú aya, nǹkan tútù tá ò sè ni, kíkan ló máa kan. Ẹ rẹ ọ̀fìo mọ́jú, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ fi dábínò, àgbọn àti atalẹ̀ lọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá sẹ́ ẹ tán, inú fíríìjì tààrà, tí ò bá síná, ìwọ̀nba tí wọ́n máa mu tán lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe. Èèrí ẹ̀ ńkọ́? Ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ, ẹ gún un pọ̀ mọ́ ẹ̀pà sísun àti dábínò tẹ́ ẹ ti yọ kóró ẹ̀, kẹ́ ẹ ká a ní róbótó róbótó fún wọn.