Ṣé èèpo igi ló wà nínú abẹ́rẹ́ ọmọ lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Aǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọba-Ilé la ń gbé l'Ákùúrẹ́ níbí, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi wá láti Oǹdó wá bá wa tọ́jú ọmọ, wọ́n ń gbìyànjú gan-an ni, àmọ́ wọ́n gbọ́ nínú WhatsApp pé èèpo igi ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ màléríà tuntun yẹn, wọ́n wá ní tó bá jẹ́ èèpo igi náà ni ṣebí tiwa ò kúkú tán nílẹ̀, kí n jẹ́ káwọn máa fún ọmọ ní omi ewúro àti àgbo díẹ̀díẹ̀ kó tó gba abẹ́rẹ́, pé abẹ́rẹ́ á tètè ṣiṣẹ́ lára ẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ o, ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mi ò fẹ́ bá Màmá fa ọ̀rọ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìkókó

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi. Màmá ò parọ́ o, ibi tí wọ́n já ọ̀rọ̀ náà sí ló kù díẹ̀ káàtó.

Igi kan wà ní orílẹ̀-èdè Chile, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní quillay. Tẹ́ ẹ bá rẹ èèpo ẹ̀ sómi, á máa hó bí ọṣẹ, ó sì ti pẹ́ táwọn ará ibẹ̀ ti ń fi fọṣọ. Saponin ni wọ́n ń pe ohun tó ń hó yẹn. Àwa náà mọ̀ ọ́n, a ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni: tẹ́ ẹ bá ń bọ ewúro, ìfófò tó máa ń kún inú abọ́ yẹn, saponin ni. Ìṣin tí ò tíì pọ́n náà máa ń hó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ màléríà tí wọ́n ń pè ní R21 pín sí méjì. Èkíní ni èyí tó ń fi ojú kòkòrò màléríà han ara. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá gbé fọ́tò olè lọ fáwọn ọlọ́dẹ àdúgbò tí gbogbo wọn ń sùn fọnfọn, ta ló máa wò ó? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lu agogo kí wọ́n jí. Èèpo quillay, ìyẹn èkejì, ló ń lu agogo yẹn kí àwọn ọlọ́dẹ inú ara lè jí, Matrix-M ni wọ́n ń pè é nínú R21. Abẹ́rẹ́ màléríà tó ṣáájú ẹ̀, RTS,S, tí WHO fọwọ́ sí ní 2021, èèpo igi yìí kan náà wà nínú ẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ tó ń ro ọmọ àti ara tó ń gbóná díẹ̀, agogo yẹn náà ni. Tó bá wá gbóná jù tàbí gìrì mú un, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù kíá, ẹ má dúró wo nǹkan kan.

Ibi tí Màmá ti ṣì í nìyí. Saponin ò jọra, ti ewúro kọ́ ni ti quillay, èyí tí wọ́n sì mú wọn ò kàn sè é nínú ìkòkò, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ ọ̀rá kan nítorí pé tó bá dá wà bẹ́ẹ̀ ó máa ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ tún wo bó ṣe kéré tó: 50 màíkírógíráàmù ló wà nínú R21 ẹyọ kan, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá pín gíráàmù kan sọ́nà 20,000, ẹyọ kan péré nínú ẹ̀. Ta ló fẹ́ wọn ìyẹn nínú àgbo? Inú ẹran ara ni wọ́n sì ń gún un sí, kì í gba ẹnu wọlé. Ọmọ oṣù mẹ́rin, ọmú nìkan, omi lásán gan-an kò sí ńbẹ̀ títí á fi pé oṣù mẹ́fà. Ewúro yẹn, ẹ bọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fi sebẹ̀, ẹ gúnyán tì í, ẹ̀yin àti Màmá ẹ jọ jẹ ẹ́.

Abẹ́rẹ́ Penta tí ọmọ ti gbà tẹ́lẹ̀ kò ní èèpo igi kankan, iyọ̀ aluminium ló ń lu agogo tiẹ̀, ìbátan álọ́ọ̀mù tá a máa ń fi sínú omi kanga kó lè tòrò. R21 ní tiẹ̀, NAFDAC fọwọ́ sí i ní April 2023, Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní December 2024. Láti oṣù karùn-ún ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí Màmá fúnra wọn pọ̀n ọmọ lọ kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Bàbá ọmọ náà kó yéé ṣe bí odi o jàre.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tó jẹ́ igi ilẹ̀ ibòmíì ni? Ṣé òyìnbó ò rí tiwa lò ni? — Àgbẹ̀ kan, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Bàbá, wọ́n ti lo pákí rí! Ọkùnrin Faransé kan, Gaston Ramon, tó ń tọ́jú ẹran, ṣàkíyèsí pé ẹṣin tí ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ bá wú, oògùn ara ẹ̀ máa ń pọ̀ ju tàwọn tó kù lọ. Ní nǹkan bíi 1925 ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tapioca, ìyẹn sítáàṣì pákí, pò mọ́ abẹ́rẹ́ ẹṣin, ó tiẹ̀ dán èérún búrẹ́dì wò. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ egbò tó ń dá síbẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn á fi ṣe ọmọ ẹ̀. Pákí gan-an, ọ̀nà ibi tí Chile wà yẹn náà ló ti wá o, ẹ má bínú sí mi.

Ní 2024 àwọn onímọ̀ ti rí ọgbọ́n ta sí i, wọ́n jẹ́ kí ìwúkàrà (yeast) ṣe saponin tó wà nínú RTS,S yẹn láìbó igi kankan, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣì ń mú jáde. Tó bá ń wù yín láti gbin quillay, ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀ máa ń gbẹ dáadáa ló fẹ́, òjò Oǹdó á ti pọ̀ jù fún un. Ẹ fojú sí kòkó yín.