Òyìnbó awakùsà tó wá sí Enugu: báwo la ṣe lè mọ ìlú rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó wá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Enugu ṣáájú ogun Hítílà ló bí ìyá ìyá mi. Orúkọ rẹ̀ àti "Durham" tí wọ́n kọ sẹ́yìn fọ́tò nìkan ló kù lọ́wọ́ wa. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ jù. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ọmọ-ọmọ, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ fi England sílẹ̀ ná. Ìjọba ló ń wa èédú Enugu láti 1915 títí di 1950 tí wọ́n dá àjọ èédú sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ béèrè gásẹ́ẹ̀tì ìjọba àti àwọn fáìlì CSO 26, ìyẹn fáìlì ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà ìjọba amúnisìn. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ àti ọjọ́ tó lọ lo ìsinmi. National Archives ti Enugu ni kí ẹ ti wá fáìlì ibi ìwakùsà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi yẹn ni ẹ ó fi wá a nínú ìwé èrò ọkọ̀ ojú omi tó wọ Ìlú Ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní BT 26. Láàárín 1922 sí ìgbà ogun, ìwé yẹn máa ń ní ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì ilé tí èrò ń lọ. Àdírẹ́sì yìí lẹ nílò jù, torí pé Durham jẹ́ ìlú, ó tún jẹ́ orúkọ gbogbo ẹkùn tó yí i ká. Ó dà bí ẹni tó ní Ọ̀yọ́ lòun ti wá, tó sì jẹ́ Ìsẹ́yìn ló ń wí.

Tí ẹ bá ti mọ abúlé, ó kan ìkànìyàn 1921 ti England: òun ló kọ orúkọ agbanisíṣẹ́, ẹ sì lè bá orúkọ kòtò èédú náà níbẹ̀. Ní ti 1911, ó ṣeé ṣe kó ṣì jẹ́ ọmọdé nílé bàbá rẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti bí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé yẹn. Awakùsà kì í pẹ́ lójú kan, ibi ìbí àwọn ọmọ ló ń fi ọ̀nà tí bàbá wọn gbà hàn. Bí ẹ bá rí "hewer", ẹni tó ń fi díígà gé èédú ni. "Putter" ni ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ èédú. Ẹ má wulẹ̀ wá 1931, iná ti jó o ní 1942.

Kí ẹ tó sanwó ìwé ẹ̀rí ìbí, ẹ wo atọ́ka GRO, ọ́fíìsì ìjọba England tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí. 10a ni nọ́ńbà ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ ẹkùn Durham sí nínú rẹ̀ láti 1852 sí 1946. Bí ẹ bá bá 10b, ẹ ti ṣìnà. Bàbá àti ọmọ sábà máa ń jẹ́ orúkọ kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé bàbá ẹlòmíràn wálé. Orúkọ ìdílé ìyá ọmọ, tó wà nínú atọ́ka náà, ni kí ẹ fi yà wọ́n.