Má ṣe so ìrù bàálù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀

Okun o, àbúrò mi ní Ìsánlú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó dáhùn, nítorí pé ohun tí o ń gbèrò láti ṣe gan-an ni èmi náà ṣe ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo sì san owó rẹ̀ gọbọi. O ní bàálù Fokker Dr.I tí o ń fi páìpù irin kọ́, ní àwòṣe ti ọdún 1917, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, pé kò sí ilé tí yóò gba apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìta ni yóò sì máa sùn. O wá ń béèrè bóyá ó tó kí o kan so okùn mọ́ ẹsẹ̀ kékeré tí ìrù rẹ̀ fi ń tẹ ilẹ̀. Kò tó rárá.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní Kabba. Bàálù tèmi jẹ́ àwòṣe Nieuport 11, èyí tí àwọn ará Faransé fi jagun ní ọdún 1916. Igi ni mo fi ṣe gbogbo egungun ara rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ bí i kìlógíráàmù 240. Kò tíì fò, nítorí pé láìgba ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjì kò béèrè ìwé lọ́wọ́ mi. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún náà, mo gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo kọ imú rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, mo so àwọn apá rẹ̀ mọ́ èèkàn, mo so okùn ìrù mọ́ ẹsẹ̀ ìrù, mo sì fa ọ̀pá ìdarí rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá kí abẹ̀bẹ̀ ìrù, ìyẹn pátákó ẹ̀yìn ìrù tó ń lọ sókè sódò, lè gbé sókè, nítorí mo ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń tẹ ìrù mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, bí afẹ́fẹ́ bá ti iwájú wá ni. Àmọ́ ìwọ náà mọ ìjì àkọ́rọ̀ òjò lágbègbè wa. Láti ìlà-oòrùn ni ó máa ń ṣú bọ̀, láti apá Lọ́kọ́ja, eruku ni a óò sì kọ́kọ́ rí kí a tó rí òjò. Ẹ̀yìn ni ó ti bá bàálù mi, ó wọ abẹ́ abẹ̀bẹ̀ tí mo gbé sókè, ó sì gbé ìrù náà bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Nígbà tí a fi máa jáde síta, imú rẹ̀ ti kanlẹ̀, apá òsì ìsàlẹ̀ sì ti fọ́ mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù.

Ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Okùn kò já, kókó rẹ̀ kò tú, èèkàn ìrù náà kò sì mira. Ẹsẹ̀ ìrù ló wà lẹ́nu okùn ní tirẹ̀ nìkan, bóòtù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, èérún igi funfun kan tó gùn tó ìka mi sì há sí abẹ́ nọ́ọ̀tì. Mo lọ wo òpó ìrù: ihò bóòtù náà ti là láti àárín títí dé etí ìsàlẹ̀, gbọnrangandan, gẹ́gẹ́ bí igi ìdáná ti í là. Ìgbà náà ni ó tó yé mi. A ṣe ẹsẹ̀ ìrù kí ilẹ̀ lè máa tì í sókè ni, nítorí náà òkè ni gbogbo ohun tó gbé e ró wà; okùn kì í ti nǹkan, ńṣe ni ó ń fà á sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn sì ni kò sí ohun kankan tí yóò dá a dúró àfi igi tí kò nípọn ju ìka méjì lọ. Ti Fokker rẹ tilẹ̀ lè burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé rọ́bà tàbí sípíríìngì ló gbé ẹsẹ̀ ìrù rẹ̀ dúró, ohun tó bá sì ń nà tí ó ń súnkì, ìjì yóò máa fi já a gbà díẹ̀díẹ̀ ni.

Má rò pé èèyàn kékeré ni afẹ́fẹ́. Bàálù tó bá fi ìrù jókòó sílẹ̀ máa ń gbé imú sókè, apá rẹ̀ sì ti wà ní ìmúra láti fò. Lórí apá bí i ti tèmi, tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 13, atẹ́gùn tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan lè gbé nǹkan bí i kìlógíráàmù 95; bí eré rẹ̀ bá di 72, agbára rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni, èyí tó jẹ́ nǹkan bí i 380, tó sì ju gbogbo ìwọ̀n bàálù náà lọ. Apá Dr.I tòótọ́ lé ní mítà onígun mẹ́rin 18. Wá ṣe ìṣirò tìrẹ.

Nígbà tí mo tún un ṣe, mi ò padà sídìí òpó ìrù mọ́. Mo lọ síwájú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, níbi tí igi ìdábùú kan ti so àwọn igi gígùn méjèèjì ìsàlẹ̀ pọ̀, mo sì ṣe ojú ìso méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìdí tí mo fi ṣe méjì ni pé okùn kan ṣoṣo kò lè dá ìrù dúró kí ó má yí sọ́tùn-ún sósì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n okùn méjì tó ya ẹsẹ̀ síta yóò máa fà á lọ́wọ́ ara wọn. Pẹrẹsẹ irin oní-mílímítà 2 wà ní inú àti ní ìta igi gígùn kọ̀ọ̀kan, bóòtù mẹ́ta oní-mílímítà 6 sì gba àárín wọn kọjá. Mo jìnnà sí etí igi ní ìlọ́po mẹ́rin ìnípọn bóòtù, mo sì kọ́kọ́ lu ihò náà tóbi, mo da gúlúù epoxy dí i, kí n tó tún un lu ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí omi má baà máa wọ inú igi.

Ti páìpù irin rọrùn ju tèmi lọ ní ọ̀nà kan, ó sì léwu jù ú lọ ní òmíràn. Wẹ́dà tó bá mi ṣe férémù ẹ́ńjìnnì ló kọ́ mi pé a kì í jó òrùka ìso okùn mọ́ àárín páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé iná yóò sọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ di aláìlágbára, fífà okùn yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi sán. Oríkèé ni kí o wá, ibi tí páìpù gígùn, ìdábùú àti ọ̀pá òró ti pàdé. Gé pẹrẹsẹ irin kí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín lọ bí ìka ọwọ́, jẹ́ kí ó gbá oríkèé náà mọ́ra, kí ó sì nà dé ara páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n lè jọ pín ẹrù náà.

O tún ń bẹ̀rù pé òrùka yóò ba ìrísí ayé àtijọ́ rẹ̀ jẹ́. Mo gbà, ojú tèmi náà kò gbà á. Ohun tí mo ṣe ni pé nọ́ọ̀tì ló wà lára pẹrẹsẹ títí láé, ó farapamọ́ sínú aṣọ. Bóòtù olórùka M10, ìyẹn oní-mílímítà 10, ni mo máa ń yí sínú rẹ̀ nígbà tí mo bá fẹ́ so ó. Ra èyí tí a rọ lódidi, tí irú rẹ̀ lè gbé kìlógíráàmù 230 bí a bá fà á gbọọrọ, tí agbára rẹ̀ sì ń dínkù bí okùn bá fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n kan tẹ̀ bí ìwọ̀, ojú rẹ̀ yóò la ni. Yíyọ wọn kúrò tún ń dín ìwọ̀n ìrù kù, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà kì í sì í ṣe eré nínú bàálù tí imú rẹ̀ kúrú: gíráàmù 250 tó wà ní mítà 3 sí ẹ̀yìn ojú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ibi tí ìwọ̀n iwájú àti ti ẹ̀yìn bàálù ti dọ́gba, gíráàmù 750 ni yóò gbà ní mítà 1 níwájú kí ó tó dọ́gba. Kí o sì so aṣọ pupa gígùn mọ́ òrùka kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ilẹ̀ wa ńkọ́? Yangí ni, ó sì ń tan èèyàn jẹ. Èèkàn tí mo fi òòlù gbá wọlẹ̀ nínú ọyẹ́, tí mo fi làágùn, ọwọ́ kan ni mo fi fà á jáde ní oṣù Kẹfà. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ni pé kí ìdákọ̀ró kọ̀ọ̀kan fún bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan lè di nǹkan bí i kìlógíráàmù 1,360 mú. Mo gbẹ́ ihò tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní gbogbo ọ̀nà, mo jẹ́ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, mo tẹ ọ̀pá irin ìkọ́lé mílímítà 16 sínú rẹ̀, mo sì da kọnkéré sí i. Ìwọ̀n kọnkéré yẹn nìkan lé ní kìlógíráàmù 500, yangí tó dì mọ́ ọn sì tún fi agbára kún un. Okùn aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ọjà ń tà, oòrùn máa ń sọ ọ́ di gbígbẹ tí yóò máa rún. Èyí tí wọ́n fi èèpo ṣe ń súnkì bí òjò bá pa á, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Poliẹ́sítà ni mo ń lò, mo sì ń fi àyè bí ìbú àtàǹpàkò kan sílẹ̀ lórí rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí okùn tó bá dẹ̀ ni ìjì máa ń rí já gbà.

Kí o tó fi aṣọ bo ìrù, dán an wò. Mo yá òṣùwọ̀n ìfàkọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ra kajú. Ìgbà kajú ni, alẹ́ nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Mo gbé ìrù lé orí ẹṣin igi, mo fi ṣéènì tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé ẹ́ńjìnnì fa ojú ìso kọ̀ọ̀kan sí kọnkéré ilẹ̀, òṣùwọ̀n sì wà láàárín. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti fi pẹ́ńsù fa ilà kọjá láti orí pẹrẹsẹ dé orí igi. Ọ̀tún dúró ní kìlógíráàmù 200. Ní òsì, nígbà tí òṣùwọ̀n dé 160, ilà náà yà kúrò lójú kan, ìyàsọ́tọ̀ náà kò ju ìnípọn pẹ́ńsù lọ. Mo tú u, mo sì rí i pé ihò kan ló fẹ̀ ju bóòtù rẹ̀ lọ. Mo dí i, mo tún un lu, mo tún un fà dé 200, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilà náà kò sì yẹ̀. Mo ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan sí abẹ́ aṣọ níbẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò mẹ́ta ló ti kọjá lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì wo ilà pẹ́ńsù náà, ojú kan náà ni ó sì wà.