Kí ẹ tó ta òrùka ìyá yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì fi í sílẹ̀ ná. Ẹ ní òrùka wúrà tí ìyá yín fi sílẹ̀ kéré fún ìka yín, pé inú àpótí ló kàn wà, àti pé owó rẹ̀ á wúlò. Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ẹ̀gbà ọrùn ìyá tèmi la tà nígbà tí àìsàn gbé bàbá wa dè. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, a óò tún tà á, torí ẹ̀mí ju wúrà lọ. Bí a ṣe tà á ló ń dùn mí dòní.

Ẹni tó ń ra wúrà àlòkù, ìwọ̀n rẹ̀ àti bó ṣe jẹ́ ojúlówó tó ló ń sanwó fún. Ẹ wo inú òrùka náà: bí ẹ bá rí nọ́ńbà 750, káràtì 18 ni (káràtì ni wọ́n fi ń wọn bí wúrà ṣe jẹ́ ojúlówó tó), ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni wúrà, 585 ni káràtì 14. Ibi tó ti họ torí pé ìyá yín kì í bọ́ ọ bó bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ò sí nínú owó tí wọ́n máa kà fún yín. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì máa ń yọ́, èyí tí wọ́n bá ti yọ́ ò ṣeé wá lọ mọ́.

Lẹ́tà orúkọ ìyá mi wà ní fífín sára tiwa. A ò ya fọ́tò rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin wà lọ́nà jíjìn, kò gbọ́ títí ó fi dé. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà ju tọjọ́ ìsìnkú lọ. Kò bèèrè nǹkan kan rí nínú ogún, a sì rò pé kò fẹ́ nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ bi àwọn ọmọ ìyá yín léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe níbi tí gbogbo wọn ti pé jọ, torí níbẹ̀ kálukú á ní kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ owó lẹ ń wá, ẹ fi dógò lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ti pé ó kéré, alágbẹ̀dẹ wúrà lè fẹ̀ ẹ́, ẹ sì lè fi ṣẹ́ẹ̀nì gbé e kọ́rùn.

Bí ẹ bá ti gbé e lọ kí ẹ tó ka èyí, ẹ padà síbẹ̀ lónìí. Àwọn olùrà kan máa ń kó o jọ kí wọ́n tó yọ́ ọ, ẹ lè ṣì bá a.