Òórùn tó ń ta yín nímú kọ́ ló ń pa kòkòrò: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì lórí ẹ̀rọ ooru àti bílíìṣì

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wolé-wolé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London fẹ́ fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó máa ń hó omi, tí yóò sì máa fẹ́ ooru rẹ̀ jáde láti fi fọ ilẹ̀, ìdáná àti bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun kì í lo kẹ́míkà mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ooru lásán kò lè pa kòkòrò àrùn, pé ohun tí kò bá ta èèyàn nímú, kò ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé mo máa ń da bílíìṣì sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, n óò da oògùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù lé e, torí omi kànga dẹ̀rọ wa ti sọ àwo náà di pupa rúsúrúsú. Lẹ́yìn náà ni n óò da omi gbígbóná sí i. Òórùn rẹ̀ le, Kẹ́hìndé sì máa ń wúkọ́ tí mo bá ń fọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ́ díẹ̀. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? (Ìyá Ìbejì, Àkóbọ̀, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ti rí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn, màá dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí Kẹ́hìndé ti ń wúkọ́ ni mo dúró sí, nítorí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí, n kò sì lè fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́ mọ́. Ẹ má da bílíìṣì àti oògùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ láé. Kó bẹ̀rẹ̀ láti òní. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, gáàsì olóró ni.

Bílíìṣì tí a ń rà, irú Hypo tàbí Jik, omi sodium hypochlorite ni. Kilorín, ìyẹn èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi ń fi sí omi ẹ̀rọ, ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Oògùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Hydrochloric acid ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ ìyá áásìdì tí àwọn onítáìlì fi ń fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lójú táìlì. Bí áásìdì bá ti kan bílíìṣì, kilorín á já kúrò nínú omi, á sì di gáàsì. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn nínú kòtò ogun nítòsí ìlú Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Tiyín kò tó ti ojú ogun, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n balùwẹ̀ yín náà kò tóbi tó pápá.

Gáàsì yìí wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà méjì ààbọ̀. Ilẹ̀ ló máa ń wá. Ẹ wá wo fèrèsé balùwẹ̀ wa nílẹ̀ yìí: òkè pátápátá, lẹ́bàá àjà, ni bíríkìlà máa ń fi í sí, kò sì ju ìwọ̀n pátákó ìkọ̀wé ọmọ lọ. Ẹ̀yin lẹ dúró, imú yín wà lókè. Ọmọ tó ń tẹ̀ lé yín kiri, tó di aṣọ yín mú, imú tirẹ̀ wà níbi tí gáàsì náà ti ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìdí tí òun fi ń wúkọ́ ṣáájú yín nìyẹn. Omi gbígbóná tí ẹ tún ń dà lé e ń lé gáàsì náà jáde kíákíá ni, ó sì ń ba bílíìṣì fúnra rẹ̀ jẹ́. Omi tútù la fi ń pò bílíìṣì.

Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé kí a tó mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, imú kọ́ la ń bi. Tí a bá ń dín ata rodo, gbogbo ilé á máa sín, wọ́n á máa wúkọ́, omi á máa dà lójú wọn. Ta ló ti sọ rí pé ata náà ń pa kòkòrò àrùn? Bí kilorín bá ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ó ń dín kù nínú omi tó yẹ kó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń jẹ́ kí bílíìṣì pa kòkòrò ni pé kí ojú ibẹ̀ ti mọ́ kí a tó dà á sí i, kí ìwọ̀n rẹ̀ pé, kí a sì fún un láàyè bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó ṣàn án dànù. Èyí tó bá ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ tàbí ọ̀rá níbẹ̀, ara ìdọ̀tí yẹn ni yóò lo agbára rẹ̀ tán sí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè wá sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọmọbìnrin tí wọ́n gbà láti máa fọ balùwẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kí òórùn má bàa da àwọn tó ń kàwé láàmú. Bílíìṣì àti áásìdì onítáìlì ló dà pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e jáde, kò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì tẹ̀ lé ara wọn. Ó yè é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé ẹni tó gbà á síṣẹ́ dúró níwájú mi, ó ní ọmọ náà kò lágbára ni, pé òun fúnra òun ti ń pò ó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá.

Ohun tó wá dùn mí jù nínú tiyín ni pé bílíìṣì yẹn kò wúlò fún ohun tí ẹ ń bá jà. Pupa rúsúrúsú inú àwo yín kì í ṣe ilé kòkòrò. Irin ni. Irin máa ń yọ́ sínú omi kànga dẹ̀rọ láti inú àpáta àti ilẹ̀. Nígbà tí omi náà bá bọ́ sí afẹ́fẹ́, irin á dípẹtà, á sì lẹ̀ mọ́ àwo. Bílíìṣì máa ń mú kó tètè dípẹtà, kó sì lẹ̀ le ju ti àtẹ̀yìnwá. Nítorí náà ẹ̀yin lẹ ń fi ọwọ́ kan di ẹrù tí ẹ ń fi ọwọ́ kejì tú. Áásìdì ló ń ká ìpẹtà. Ẹ fún osàn wẹ́wẹ́ bíi mẹ́wàá, ẹ da omi inú àwo náà jáde, ẹ ta á sí ojú ibi tó pupa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Tí kò bá ká a, ẹ lo oògùn búlúù yẹn, òun nìkan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Bílíìṣì di ọjọ́ mìíràn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣan àwo náà dáadáa. Osàn wẹ́wẹ́ náà áásìdì ni o, fínígà náà áásìdì ni: ẹ má pò wọ́n mọ́ bílíìṣì. Ìtọ̀ tó ti kan nínú póò ọmọ náà kò bá bílíìṣì rẹ́. Gáàsì mìíràn ni ìyẹn ń mú jáde. Ẹ kọ́kọ́ da ìtọ̀ nù, kí ẹ fi omi ṣàn án.

Tí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ṣèèṣì pò ó, ẹ jáde, ẹ gbé ọmọ jáde, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ má padà wọlé lọ gbọ́n ọn nù. Ojú tó bá ń ta, omi mímọ́ tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń dùn ún tàbí tí èémí rẹ̀ kò já geere, ilé ìwòsàn ni, kódà bó bá ní ara ti fúyẹ́, torí ìpalára inú ẹ̀dọ̀fóró lè fi wákàtí díẹ̀ pamọ́ kó tó yọjú. Epo pupa kò pa oró yìí. Bí ọmọ bá gbé bílíìṣì mì, ẹ má fún un ní epo mu, ẹ má fi ọwọ́ ki í lọ́fun kó lè bì. Ohun tó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀, epo sì lè gba ọ̀nà èémí lọ. Òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ni mí, n kì í ṣe dókítà, n kò sì rí balùwẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n èyí, kò sí dókítà tó máa bá mi jiyàn lé e.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n yín àti ọkọ yín, ìdajì òótọ́ ló wà lọ́wọ́ oníkálùkù. Ooru ń pa kòkòrò: ooru omi ni ẹ̀rọ ilé ìwòsàn fi ń sọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ di mímọ́, ní 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, nínú ìkòkò tí a dé pa. Ẹ̀rọ inú ilé kò ní ìkòkò yẹn. Bí ooru bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ẹni tó bá sì ń fà á lọ bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, ojú ilẹ̀ ló kàn ń mú gbóná lásán. Ẹ ní láti sún ẹnu rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kí ẹ rọra máa lọ.

Ibi tó ti dára jù lójú tèmi ni ọ̀rá tó ti gan mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, àárín táìlì, àti ìdun. Ìdun àti ẹyin rẹ̀ kì í ye ooru tó bá ju nǹkan bí 50 Celsius lọ, ó sì sàn ju ọ̀tapiapia tí àwọn kan ń wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ń sùn lé lọ fíìfíì. Ẹ fi gba etí rírán fóòmù àti ihò igi bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì sá fóòmù náà sóòrùn títí yóò fi gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò hu èébu. Kò ní ká ìpẹtà àwo yín. Ẹ má gbé e sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, POP, páákó tí kò ní fáníìṣì, tàbí gíláàsì tó tutù. Ẹ má da bílíìṣì, Izal tàbí Dettol sínú ikùn rẹ̀, omi nìkan. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìbejì wà nítòsí, torí ooru omi ń bó ara ju omi gbígbóná lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì nílé, bílíìṣì lẹ nílò níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ nu ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Tí ohun tí wọ́n kọ sára ike bílíìṣì yín bá jẹ́ 3.5%, agolo mílíìkì kékeré méjì sí omi tútù lítà 10 ti tó fún ilẹ̀ àti àwo, kí ẹ pò ó lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó. Agolo yẹn kò gbọdọ̀ padà sí ìdáná. Èyí tí wọ́n ń rọ sínú ike omi kiri àdúgbò, tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má rà á. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ike omi sì ni ọmọ mọ̀ ọ́n sí.

Kí ẹ̀gbọ́n yín tó san owó ọkọ̀ òfuurufú lórí ẹ̀rọ náà, ẹ ní kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún yín. Iná London bá tiwa mu, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń gba 1,500 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-pass-my-neighbour kò lè gbé e, ọ̀pọ̀ ínfátà kékeré náà kò lè gbé e, nítorí náà ìgbà tí NEPA bá mú iná wá nìkan lẹ máa lò ó. Tí iná yín kì í bá tó wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, kó fi owó yẹn ra búrọ́ọ̀ṣì tó dára àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún yín.

Ẹ gbé Kẹ́hìndé lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀, pàápàá bí ikọ́ fée bá wà nínú ẹbí. Ẹ mú ike oògùn méjèèjì dání, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí ẹ ṣe ń pò ó, láìfi ohunkóhun pamọ́.